Ẹ Gbé Ẹ̀rọ Dé Ẹnu Sálẹ́ńsà

Òfin tó de èéfín ọkọ̀ ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Láti ọdún 2011 ni NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí i pé àwọn ènìyàn tẹ̀lé òfin àyíká, ti gbé ìlànà jáde lórí èéfín ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù àti èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ìpínlẹ̀ Èkó ní LASEPA tó ń bójú tó àyíká, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ VIS tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ó sì ní ibùdó LACVIS tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí pé ó yẹ lójú pópó. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹni tó bá dúró sí Mile 2 ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tó ń retí ọkọ̀ Festac tàbí ti Òkòkòmáíkò, kò ní í pẹ́ fọwọ́ bo imú. Tírélà kan á tẹná láti gun orí afárá, èéfín dúdú á tú jáde, á bo ọmọ iléèwé, á bo ìyá tó ń ta búrẹ́dì, á bo ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀. Kí èyí tó fẹ́ lọ tán, tírélà mìíràn á ti tú tirẹ̀ lé e.

Ìdí tí òfin kò fi ṣiṣẹ́ kò farasin. Ojú lásán la fi ń wo èéfín ní orílẹ̀-èdè yìí. Òṣìṣẹ́ á rí ọkọ̀ tó ń rú èéfín, á dá a dúró, awakọ̀ á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á jọ sọ ọ́ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọkọ̀ á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sí iye kankan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí láti fi hàn pé èéfín náà ti kọjá ààlà tàbí pé kò kọjá. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé àkókò ti tó kí ẹ̀rọ tó ń wọn èérún èéfín dé ẹnu sálẹ́ńsà ọkọ̀ ní Èkó, kí èsì rẹ̀ máa jáde ní gbangba, kí ó sì jẹ́ pé Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí agbègbè náà wà ló mú ká sọ bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ Festac, tó wà níbẹ̀, fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú tó wáyé ní oṣù kìíní sí oṣù kejì ọdún 1977, kí àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 lè rí ilé dé sí. Nígbà tí àjọ̀dún parí, àwọn ará ìlú kó wọ inú àwọn ilé náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì ti dí èbúté Àpápá pa ní ọdún 1975, tí ìjọba sì rí i pé èbúté kan kò lè gbé ẹrù orílẹ̀-èdè yìí mọ́. Ìlú ibùgbé àti èbúté tuntun wá di aládùúgbò. Ọ̀nà tó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá àti ọ̀nà márosẹ̀ Àgbádárìgì pàdé ní Mile 2. Àwọn àgbá epo ńláńlá wà ní Kirikiri, ọjà Trade Fair wà ní apá ibòmíràn. Tírélà tó ń lọ kó kọ̀ǹténà, táńkà tó ń lọ gbépo, dánfó tó ń kó èrò lọ sí ọjà Alábà, ẹnu ọ̀nà àwọn ará Festac àti Amúwò ni gbogbo wọn ń gbà kọjá.

Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ kò tíì gbàgbé àwọn ọdún tí tírélà tò láti ẹnu èbúté dé Mile 2, tó tún kọjá bẹ́ẹ̀, tí awakọ̀ ń sùn, tó ń jí, tó ń wẹ̀ nídìí ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ́ńjìnì tó dúró sójú kan láìkú ń tú èéfín sí àdúgbò tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021 ni NPA, àjọ tó ń darí èbúté, bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ètò, tó ní kí tírélà máa dúró sí ibùdó tí wọ́n fọwọ́ sí títí ìpè á fi kàn án. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn ibùdó yìí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti máa rọrùn jù.

Ohun tí èéfín ń ṣe fún ara kọjá kí imú dí tàbí kí ojú máa ta. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 fojú bù ú pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn láìtọ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó láàárín ọdún 2018 nìkan, àti pé àdánù tó bá ìpínlẹ̀ náà tó bílíọ̀nù 2.1 owó dọ́là. Nínú ẹni mẹ́wàá tó kú, bíi mẹ́fà ni kò tíì pé ọmọ ọdún 5. Ìwádìí náà ní ìrìnnà ojú pópó ló ṣáájú nínú ohun tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, kí ó tó kan àwọn ilé iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀. Ìwọ̀n èérún tí wọ́n bá nínú afẹ́fẹ́ Èkó jẹ́ máíkírógíráámù 68 nínú àyè afẹ́fẹ́ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìwọ̀n náà kò yẹ kó ju 5 lọ tí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Èyí já sí pé ohun tí ọmọ Èkó ń mí sínú ju ìlànà lọ ní ìlọ́po 13.

Èérún tí à ń wí yìí kéré débi pé ojú kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú irú tí wọ́n ń pè ní PM2.5 kéré ju ìbú irun orí lọ ní ìlọ́po 20 ó kéré tán, púpọ̀ nínú èyí tó ń ti ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì jáde sì tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun imú kò lè dá a dúró. Ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó kéré jù lọ nínú rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń mú kí ikọ́ fée le sí i, ó sì ń dá kún àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, kéde pé ẹ̀rí ti dájú pé èéfín ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn.

Àwọn mẹkáníìkì wa ti mọ bí a ṣe ń fi àwọ̀ èéfín mọ àìsàn ẹ́ńjìnì. Bí èéfín bá dúdú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú ẹ́ńjìnì: ó lè jẹ́ pé asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí, ó lè jẹ́ pé nọ́sù ti jẹ. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń jó. Ìmọ̀ yìí dára, a kò sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èérún tó kéré jù, tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, lè máa jáde nínú èéfín tí ojú rò pé ó mọ́. Ìdí nìyí tí ojú kò fi lè dá iṣẹ́ yìí ṣe.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ti wà. Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ kéékèèké wà tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri tàbí òpó iná, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sára eruku kí ó tó ka bí eruku náà ṣe pọ̀ tó. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, àwọn olùwádìí Yunifásítì Makerere ní Uganda ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 2015 lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní AirQo, ó sì yẹ ká kan sáárá sí wọn. Àmọ́ ẹ̀rọ ara ògiri ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà ọyẹ́, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bo Èkó, ẹ̀rọ náà á sì ka eruku ọyẹ́ mọ́ èéfín tírélà. Ní àdúgbò tó sún mọ́ omi bíi Festac, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ eruku, á mú kó wú, ẹ̀rọ á sì kà á ju bó ṣe yẹ lọ. Kódà bí ìwọ̀n rẹ̀ bá péye, ohun tó lè sọ fún wa ni pé afẹ́fẹ́ Mile 2 kò dára. Kò lè sọ pé ọkọ̀ báyìí ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mú oníṣẹ́ ibi gbọ́dọ̀ bá a lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu sálẹ́ńsà sì ni iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀.

Oríṣi ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà fún èyí. Èkíní ń wo bí èéfín ṣe ṣú tó. Wọ́n á ki ọ̀pá bọ ẹnu sálẹ́ńsà, awakọ̀ á tẹná dé òpin láìfi ọkọ̀ sí jíà, èéfín á gba inú àpótí kékeré kan kọjá níbi tí iná ti ń tàn láti apá kan sí ìkejì. Bí èéfín bá ṣe dí iná náà lọ́wọ́ tó ni nọ́ńbà ṣe máa ga tó. Wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á sì mú ìdá àárín rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó ní tọ́bò kò gbọ́dọ̀ kọjá 3.0 lórí ẹ̀rọ yìí, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò láàárín oṣù keje ọdún 2008 sí òpin ọdún 2013 kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 1.5. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Fún àwọn tírélà tó ti gbó tí wọ́n pọ̀ jù lójú ọ̀nà èbúté, ẹ̀rọ yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ń gbé inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ìgbàlódé ní asẹ́ tí wọ́n fi amọ̀ líle ṣe sínú sálẹ́ńsà, tó ń gba ju 95 lọ mú nínú èérún 100 tó bá fẹ́ kọjá. Lẹ́yìn asẹ́ yìí ni wọ́n gbé sẹ́ńsọ̀ sí, kí ó lè máa ṣọ́ asẹ́. Sẹ́ńsọ̀ náà jẹ́ pẹlẹbẹ amọ̀ kékeré tí wọ́n tẹ́ fọ́nrán irin méjì sí lórí, tí wọ́n wọnú ara wọn bí eyín òòyà méjì, síbẹ̀ tí wọn kò kan ara wọn. Níwọ̀n ìgbà tí asẹ́ bá péye, iná mànàmáná kò lè ti ara ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Bí asẹ́ bá fọ́, èérún dúdú á kọjá, á bà sí àárín fọ́nrán méjèèjì, á sì so wọ́n pọ̀, iná á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà láàárín wọn. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ka iye àkókò tí èyí gbà. Bí àkókò náà bá kúrú, èérún ti pọ̀ nìyẹn, iná ìkìlọ̀ á sì tàn níwájú awakọ̀. Lẹ́yìn náà, sẹ́ńsọ̀ á mú ara rẹ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 600 ti Celsius, á jó èérún tó bà lé e dànù, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ẹ̀kẹta ló dé kẹ́yìn. Ó ń ka iye èérún tó wà nínú èéfín, títí kan èyí tó kéré jù tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò lè rí. Wọ́n ṣe é nítorí pé ọkọ̀ tuntun tí asẹ́ rẹ̀ ti sán máa ń yege nídìí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, níwọ̀n bí èéfín rẹ̀ kò ti ṣú. Bẹ́ljíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àyẹ̀wò ọkọ̀ ní ọdún 2022, Nẹ́dálándì àti Jámánì tẹ̀lé e ní 2023. Ní Jámánì, ọkọ̀ tí èérún inú èéfín rẹ̀ bá ju 250,000 lọ nínú sẹ̀ǹtímítà onígun kan kò ní yege.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Yúróòpù yìí kàn wá, nítorí ọkọ̀ tí wọn kò fẹ́ mọ́ níbẹ̀ ló ń di Tòkunbọ̀ níbí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, UNEP, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó ránṣẹ́ sí òkè òkun láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà, pé 40 nínú 100 rẹ̀ sì wá sí Áfíríkà. Ní oṣù yẹn kan náà ni àwọn ayẹ̀wò ìjọba Nẹ́dálándì sọ ohun tí wọ́n rí lára àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Áfíríkà láti èbúté wọn: púpọ̀ ti gbó, ìwé àyẹ̀wò àwọn mìíràn ti kú, wọ́n sì ti gé kátálísítì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, kúrò lára àwọn kan. Tin Can wà lára ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà wọ Nàìjíríà jù lọ.

Èyí tó bá gbé asẹ́ rẹ̀ wọlé ní pípé kì í pẹ́ pàdánù rẹ̀. Asẹ́ nílò kí ọkọ̀ sáré geere lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí sálẹ́ńsà lè gbóná tó láti jó èérún tó ti kó sínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń fi wákàtí méjì rìn láti Mile 2 dé Tin Can kò lè gbóná bẹ́ẹ̀. Asẹ́ á dí, ọkọ̀ kò ní lágbára mọ́, onímọ́tò á gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì á tú sálẹ́ńsà sílẹ̀, á gé ikùn asẹ́, á fi irin gún amọ̀ inú rẹ̀ títí á fi dà sílẹ̀, á wá wẹ́dì ẹnu rẹ̀ padà. Ẹlòmíràn á fi kọ̀ǹpútà alágbèéká pa iná ìkìlọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà nínú ọpọlọ ọkọ̀. Láti ìta, kò sí ohun tó yàtọ̀ lára ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ki bọ ẹnu sálẹ́ńsà rẹ̀ nìkan ló lè tú àṣírí rẹ̀.

A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru mẹkáníìkì. Imí ọjọ́ inú epo wa ń ba asẹ́ jẹ́, ó sì ń dá èérún tirẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire jọ fẹnu kò ní Àbújá pé imí ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kó wọlé, tí wọ́n gbà láyè dé 3,000 nínú mílíọ̀nù kan, gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ sí 50. Ghana sọ ọ́ di òfin ní oṣù keje ọdún 2017. Lọ́dọ̀ tiwa, ńṣe ni wọ́n ń sún ọjọ́ síwájú. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹjú-Lẹ́kkí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ dísẹ́ẹ̀lì láti oṣù kìíní ọdún 2024, nítorí náà àwáwí pé òkè òkun ni gbogbo epo wa ti ń wá kò múná mọ́. Ìjọba tó bá fẹ́ wọn èéfín ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọn epo pẹ̀lú, kí ó sì kéde ohun tó bá níbẹ̀, ní ilé ìfọpo àti ní àgbá epo Kirikiri bákan náà.

Àǹfààní kan wà nínú àkọsílẹ̀ tí a kì í sábà rò. Ní oṣù kejì ọdún 2013, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 kan, Ella Adoo-Kissi-Debrah, kú ní gúúsù ìlà-oòrùn London lẹ́yìn tí ikọ́ fée ti gbé e dé ilé ìwòsàn nígbà púpọ̀. Ilé wọn kò jìnnà sí ọ̀nà South Circular tí ọkọ̀ kì í dá níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò dákẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú, Philip Barlow, sọ pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí wà lára ohun tó pa ọmọ náà. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Ìlú Ọba. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé ẹ̀rọ kan tí kò jìnnà sí ilé wọn ti ń kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníṣègùn tó jẹ́rìí sì gbé àkọsílẹ̀ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sáré gbé ọmọ náà lọ ilé ìwòsàn. Ìyá tí ikọ́ fée bá pa ọmọ rẹ̀ ní Alákijà tàbí ní Kirikiri, àkọsílẹ̀ wo ni yóò gbé lọ síwájú adájọ́? Ìyá tí kò ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ kò lè rí ẹjọ́ rò.

Àwọn onímọ́tò ní ẹjọ́ tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n á ní ọjà wọ́n, owó epo ti gara láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n á ní àyẹ̀wò tuntun á kàn di ọ̀nà tuntun tí àwọn aláṣọ ìjọba á máa gbà gba owó lọ́wọ́ wọn. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn, àwa náà sì ní in. Ìdí rèé tí a fi ní kí ẹni tó ń wọn èéfín má ṣe jẹ́ ẹni tó ń gba owó ìtanràn. Kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tẹ èsì jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́ àti aago, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí kọ̀ǹpútà LASEPA lójú ẹsẹ̀, kí awakọ̀ náà mú ẹ̀dà tirẹ̀ dání. Kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lójú pópó. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ó jẹ́ ìkìlọ̀ nìkan. Bí ìtanràn bá sì wá dé, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ ni kí ìwé náà lọ, nítorí awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ olówó jẹun kò ní agbára àtitún ẹ́ńjìnì ṣe.

Ká sì rán onímọ́tò létí pé èéfín dúdú jẹ́ epo tí kò jó tán. Owó rẹ̀ ló ń gba ẹnu sálẹ́ńsà jáde. Asẹ́ afẹ́fẹ́ tuntun àti nọ́sù tí wọ́n tún ṣe lè dín èéfín ọ̀pọ̀ tírélà kù láìpààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ọjà ASPAMDA tí wọ́n ti ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì wà ní Trade Fair, kò jìnnà sí wọn.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí kò yẹ kó bọ́ sọnù. Ní ọdún 2015 ni àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Jámánì fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí ó lè mọ ìgbà tí wọ́n bá ń dán an wò, kí ó sì dín èéfín kù ní àkókò yẹn nìkan. Mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ lọ́rọ̀ náà kàn káàkiri àgbáyé. Gáàsì ọ́sáìdì náítírójìn ni wọ́n fi pamọ́, kì í ṣe èérún, àmọ́ àwọn olùwádìí yunifásítì ní West Virginia tó gbé ẹ̀rọ tiwọn sí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n wà á lójú pópó, ló kọ́kọ́ rí ìdí rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tí ilé iṣẹ́ bá fi sínú ọkọ̀ wúlò, ṣùgbọ́n ìjọba gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀, kí ó máa tọ́jú rẹ̀, kí ó sì máa tún ìwọ̀n rẹ̀ yẹ̀ wò déédéé. Ẹ̀rọ tí wọ́n kò bá nu ojú iná rẹ̀, tí wọ́n kò bá tún ìwọ̀n rẹ̀ tò, á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ láàárín oṣù díẹ̀, irọ́ inú ẹ̀rọ ìjọba sì burú ju kí ẹ̀rọ má sí lọ.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè rèé. NPA ti ní ìlànà ààbò tí tírélà gbọ́dọ̀ kún ojú rẹ̀ kí ó tó wọ èbúté: kí wọ́n fi èéfín kún un. Ọkọ̀ tó ń dúró de ìpè ní ibùdó ní àkókò tó pọ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ tí àyẹ̀wò ń gbà lọ. Kí tírélà tó bá kọjá ààlà má rí ìpè gbà títí yóò fi tún ara ṣe. LASEPA àti VIS ni kó gbé ẹ̀rọ lọ sí àwọn ibùdó yẹn. LACVIS ni kó máa tẹ ìwọ̀n èéfín sínú ìwé-ẹ̀rí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ lè kà á. Àwọn aṣọ́bodè ní Tin Can ni kó máa yẹ asẹ́ àti sẹ́ńsọ̀ Tòkunbọ̀ dísẹ́ẹ̀lì wò kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ni kó lẹ èsì mọ́ ara pátákó ní Festac ní oṣooṣù: tírélà mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò, mélòó ló yege, mélòó ni wọ́n dá padà.

Ọ̀nà mìíràn ti wà tí kò ní èéfín nínú rárá. Láti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina, iná mànàmáná ló sì ń gbé e rìn báyìí. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ má jẹ́ kí ọ̀nà rẹ̀ tó kù, tó máa gba Festac, Alákijà àti Trade Fair kọjá dé Òkòkòmáíkò, di iṣẹ́ àpatì. Bí èrò bá ń bọ́ sínú rẹ̀, dánfó tó gbó á dín kù lójú títì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin yìí kò ní gbé kọ̀ǹténà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbé epo láti Kirikiri. Tírélà àti táńkà á ṣì wà pẹ̀lú wa fún ọdún gbọọrọ.

Ọyẹ́ ni àsìkò tí àwọn aláṣẹ máa ń rí ohun di ẹ̀bi rù. Wọ́n á ní eruku aṣálẹ̀ ni, wọ́n á ní kí àwọn ará ìlú bo imú. A fẹ́ kí iye tó wá láti ẹnu sálẹ́ńsà ti wà nílẹ̀ kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ tó dé, kí ẹnikẹ́ni má lè fi eruku Sàhárà bo èéfín tírélà mọ́lẹ̀. Kí NPA, LASEPA àti VIS jókòó pọ̀, kí wọ́n dá ọjọ́, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ náà fún aráyé. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá, a ó dé ibùdó tírélà, a ó béèrè ẹ̀rọ, a ó sì tẹ èsì tí a bá bá níbẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí, ì báà dára, ì báà burú.